Ìkókó àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú yàrá kan: Ohun tó yẹ kí òbí ṣe kí gbogbo ilé lè rí oorun sùn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tó ní kí ìyá òun má sùn, òun náà kò ní fojú ba oorun. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí ọmọ tuntun ti bá ọmọ ọdún 2 nílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ti ìyá àti ọmọ kan ṣoṣo. Bí ìkókó bá figbe ta ní aago kan òru, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò jí. Bí wọ́n bá rẹ ẹ̀gbọ́n lẹ́kún tán, ìkókó yóò tún bẹ̀rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ojú ìyá ti pọ́n, bàbá náà yóò sì máa tòògbé lọ síbi iṣẹ́.

Ní àwọn ìlú bíi Ìbàdàn, Èkó àti Abẹ́òkúta, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń gbé yàrá kan tàbí yàrá kan àti pálọ̀. Kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ sùn sí yàrá tirẹ̀. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí òbí ṣètò oorun àwọn méjèèjì, kí ti ẹ̀gbọ́n sì ṣáájú, torí òun ló ti dàgbà tó láti kọ́ ohun tí wọ́n bá fi mọ̀ ọ́n.

Kí ló ń jí wọn?

Ikùn ìkókó kéré, ọmú kì í pẹ́ níbẹ̀ kó tó dà. Ìdí nìyí tó fi ń jí ní wákàtí méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, tọ̀sán-tòru. Ara rẹ̀ kò sì tíì mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán; ó máa ń tó oṣù 2 sí 4 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ ní ọdún 2019 pé ọmọ tí kò tíì ju oṣù 3 lọ nílò oorun wákàtí 14 sí 17 láàárín ọjọ́ kan, nígbà tí ọmọ ọdún kan sí méjì nílò wákàtí 11 sí 14, tó fi mọ́ oorun ọ̀sán. Oorun ìkókó pọ̀ ju ti ẹ̀gbọ́n lọ, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ló ń sùn ún.

Ti ẹ̀gbọ́n yàtọ̀. Ó ti ń sùn títí ilẹ̀ fi ń mọ́ tẹ́lẹ̀, àfi bó ṣe ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í jí lóru, tó ń tọ̀ sórí ẹní, tó tún ń bèèrè ọmú tí wọ́n ti gbà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn òbí kan á ní owú ló ń jẹ, wọ́n á sì nà án. Lóòótọ́ ni owú wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ títí di àná ni wọ́n ṣàdédé tì sí ẹ̀gbẹ́ kan nítorí ẹni tí kò mọ̀ rí. Ẹgba kò lè wo ìyẹn sàn.

Kí ọmọ tuntun tó dé

Ó dára kí ẹ̀gbọ́n ti ní ẹní tàbí fóòmù tirẹ̀ ní bí oṣù 2 ṣáájú ìgbà tí ìyá yóò bímọ. Bó bá jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé ìkókó wọlé gan-an ni wọ́n lé e kúrò, lójú tirẹ̀, ìkókó ló gba ipò òun. Ìgbà yẹn náà ni kí bàbá, ìyá àgbà tàbí àǹtí tó wà nílé ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹ sùn, kó má di pé ọwọ́ ìyá nìkan ló ti lè sùn.

Ètò alẹ́

Ọmọdé máa ń balẹ̀ bó bá ti mọ ohun tó kàn. Kó jẹun, kó wẹ̀, kí wọ́n pa àlọ́ kan fún un, kí iná rẹlẹ̀, kó sùn. Bó bá ń rí bẹ́ẹ̀ ní àkókò kan náà lálaalẹ́, ara rẹ̀ á máa retí oorun. Ẹ gbé tẹlifíṣọ̀n àti fóònù kúrò lójú rẹ̀ ní bí wákàtí kan ṣáájú. Bí ìkókó bá ń sunkún lásìkò yìí, ìyá lè fún un lọ́mú kó sì máa pa àlọ́ lọ. Ẹ fún ẹ̀gbọ́n níṣẹ́ pẹ̀lú: kó bá yín mú nápì wá, kó sọ fún àbúrò rẹ̀ pé ó dàárọ̀.

Ẹ gbé ẹní ẹ̀gbọ́n jìnnà díẹ̀ sí ìkókó, ẹ sì lè fi kọ́tìnì dá àárín wọn. Ẹ to nápì àti aṣọ sítòsí kí ẹ tó sùn. Tọ́ọ̀ṣì tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀ ti tó láti fi fún ọmọ lọ́mú lóru. Bí oorun ẹ̀gbọ́n bá ti wọra, igbe àbúrò rẹ̀ kì í sábà jí i tó bí òbí ṣe ń rò, yóò sì máa mọ́ ọn lára díẹ̀díẹ̀.

Ewu tó wà níbẹ̀

Ẹ má ṣe tẹ́ ìkókó àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sórí ibùsùn kan náà. Ọmọ ọdún 2 kò lè mọ̀ bí òun bá gbé apá lé àbúrò òun nímú. Nínú ìmọ̀ràn tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2022, wọ́n ní kí ìkókó wà ní yàrá kan náà pẹ̀lú òbí rẹ̀ fún oṣù 6 àkọ́kọ́, ó kéré tán, ṣùgbọ́n kó dá sùn sórí ibùsùn tirẹ̀ tó tẹ́jú, tó sì le díẹ̀, láìsí ìrọ̀rí tàbí aṣọ tó lè bò ó lójú. Ẹ ta àpò ẹ̀fọn sórí rẹ̀.

Ẹ̀yìn ni kí ìkókó fi lélẹ̀. Àwọn ìyá àgbà kan máa ń bẹ̀rù pé èébì lè fún un pa, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ọ̀nà èémí rẹ̀ wà lókè ọ̀nà oúnjẹ, kò sì rọrùn kí èébì wọ ibẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìpolongo yìí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1994, ikú òjijì tó ń pa ìkókó lójú oorun dín kù tó ìdajì láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́wàá.

Ẹ má ṣe tan jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí sítòsí fèrèsé, ẹ má sì gbé ìkòkò èédú wọ yàrá nítorí òtútù. Èéfín wọn ní afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn, tó lè pa gbogbo ilé lójú oorun.

Èyí tó burú jù ni fífún ọmọ ní oògùn kó lè sùn. Àwọn kan ń fi oògùn ikọ́ tàbí oògùn ara yíyún ṣe é. Promethazine, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Phenergan, lè dá èémí ọmọ dúró. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 kò gbọdọ̀ lò ó. Nàìjíríà sì ti rí ohun tí oògùn ọmọdé tí kò péye lè dá sílẹ̀. Ní ọdún 2008 sí 2009, ó lé ní 80 ọmọ tó kú lẹ́yìn tí wọ́n lo My Pikin, oògùn eyín tí kẹ́míkà olóró wà nínú rẹ̀. Bí ìkókó bá ń gbóná, tí kò mu ọmú, tó ń mí gúlegúle tàbí tó ṣòro láti jí, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá.

Ẹ̀yin bàbá, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú lóru kò lè dá iṣẹ́ yìí ṣe. Ẹni tó bá rẹ̀ jù lè sùn lọ lórí àga pẹ̀lú ọmọ láyà, ewu ńlá sì ni. Ẹ gba ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó sùn díẹ̀ lọ́sàn-án nígbà tí ìkókó bá ń sùn. Bí ìyá bá rí oorun sùn, àwọn ọmọ náà á rí ẹni tọ́jú wọn.