Alùpùpù Tí A Gé Ìdí Rẹ̀

Honda CG125 ni alùpùpù yìí, irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní 1976. Àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ti ń gé irin tó bo táyà ẹ̀yìn kúrú tipẹ́, kí alùpùpù wọn lè fúyẹ́; ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Èkìtì, ní Ìkẹ́rẹ́ abẹ́ òkè Olósùnta, ní Ìsẹ̀ ìlú Ọlọ́wẹ̀ agbẹ́gilére, àti ní Emùré, níbi tí ẹrẹ̀ ọ̀nà oko máa ń dí àlàfo àárín táyà àti irin náà pa lásìkò òjò, àìní ló kọ́ àwọn oníṣẹ́ irin, ọmọ Ògún Lákáayé, ní iṣẹ́ náà. Bí a bá gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó: ayùn irin, fáìlì àti iná wẹ́dà ni gbogbo irinṣẹ́ iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé yìí. Ẹ wo etí irin náà dáadáa, bí wọ́n ti fi fáìlì ha á pẹ̀lú sùúrù títí kò fi lè gé ọwọ́ mọ́. Ẹwà tòótọ́ nìyẹn lójú tiwa.