Nítorí orin, wọ́n lé I.K. Dairo níṣẹ́ ní Ẹdẹ: òun náà ló wá kọ 'Salome'!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jó 'Salome' rí níbi ìnáwó, ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé bí kì í bá ṣe ọ̀gá kan tó bínú ní Ẹdẹ, bóyá aláṣọ ni ẹni tó kọ orin náà ì bá dà?

Ọ̀fà ni wọ́n bí Isaiah Kẹ́hìndé Dairo sí, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, nítòsí Iléṣà, ni. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí bàbá ẹ̀ ṣe ìlù kan fún un. Nígbà tówó ilé-ìwé ò sí mọ́, ó gbé ìlù náà dání lọ sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ó ń gẹ irun jẹun.

Lọ́dún 1948, ó dé Ẹdẹ, létí Òṣogbo níbí, ó ń kiri aṣọ fún ọ̀gá kan. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá rìnrìn àjò, ni Kẹ́hìndé bá bá àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣeré. Àṣé ọ̀gá máa dé lọ́jọ́ náà gan-an! Bí iṣẹ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn o. Iṣẹ́ alágbára ló ṣe títí tó fi rówó dé Ìbàdàn, tó sì bá Daniel Ọ̀jọ̀gẹ́ ṣeré níbẹ̀. Lọ́dún 1957, ó dá ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́wàá tiẹ̀ sílẹ̀, Morning Star Orchestra, tó padà di Blue Spots.

Ọdún 1962 ni wọ́n gba 'Salome' sílẹ̀ fún Decca. Orin ọkùnrin tí ìfẹ́ obìnrin ń pa bí ọtí ni. Àkọ́díọ̀nù tẹ́ ẹ ń gbọ́ níbẹ̀, ìyẹn dùùrù tí wọ́n ń gbé kọ́ àyà, tí wọ́n ń fà bí ẹwìrì, Dairo fúnra ẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́. Òun náà ni wọ́n mọ̀ pé ó mú un wọ inú jùjú. Gìtá ń dáhùn, gángan ń sọ̀rọ̀, ègbè ń gbè é. Ìlù náà ò sáré, bẹ́ẹ̀ ni kò sùn. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta ni gbogbo ẹ̀, torí ojú kan àwo kékeré ayé ìgbà náà kì í sábà gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn oní-jáàsì Amẹ́ríkà ní 'Body and Soul' tiwọn, orin ìfẹ́ tí Johnny Green ṣe lọ́dún 1930, tí Coleman Hawkins fi sasofóònù sọ di tiẹ̀ lọ́dún 1939. Tiwa rèé: ọ̀rọ̀ ọkàn ni, kò gùn, ó sì rọrùn láti gbà sẹ́nu.

Lọ́dún 1963, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá Dairo lọ́lá. Nígbà tó yá, Ebenezer Obey àti Sunny Ade gba ìgboro, orin sì gùn sí i. Síbẹ̀, ọmọ aláṣọ Ẹdẹ yìí dé yunifásítì Washington ní Seattle, ó kọ́ wọn lórin níbẹ̀ ní 1994 sí 1995. Ọjọ́ keje oṣù kejì, 1996 ló kú. Lọ́dún 1999, ọmọ ẹ̀, Paul Play, tún 'Mo Sorire' bàbá ẹ̀ kọ, àwọn ọ̀dọ́ sì gbà á.

Ẹ̀yin ọ̀gá tí ọmọṣẹ́ yín ń fọwọ́ lu tábìlì, ẹ rọra lé e o!