Ẹ̀dà Irinṣẹ́ àti Ọ̀rọ̀ Àgbà: Àpẹẹrẹ Kan láti Mopa

Ẹni tí ó bá ka ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá tí a tẹ̀ ṣáájú ọdún 1974 yóò bá ‘aiye’ àti ‘ẹiyẹ’ pàdé níbi tí àwa ń kọ ‘ayé’ àti ‘ẹyẹ’ lónìí. Olùkọ́ tí ó bá fi òfin àkọtọ́ 1974 fa igi sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò rí àṣìṣe òǹkọ̀wé. Òfin méjì ni ó pàdé ní ojú ewé kan. Irú ìṣòro yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà.

Nígbà tí èmi àti àwọn ọ̀dọ́ méjì ń kó ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà jọ ní Mopa, a kọ ètò kékeré kan ní èdè Java, a sì to àwọn ọ̀rọ̀ náà sínú rẹ̀. Irinṣẹ́ tí à ń pè ní javac ni ó ń túmọ̀ ètò bẹ́ẹ̀ sí ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe. A ṣètò rẹ̀ kí ìtumọ̀ náà máa wáyé fúnra rẹ̀ nígbàkúùgbà tí a bá fi ọ̀rọ̀ tuntun kún un. Lórí kọ̀ǹpútà kan, iṣẹ́ ń lọ geere. Lórí èkejì, javac kọ̀ jálẹ̀: ó ní òun kò mọ àmì kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0x8D. A yẹ ọ̀rọ̀ wò títí ilẹ̀ fi ṣú, a kò rí àléébù kankan.

Ọjọ́ kejì ni a tó béèrè ẹ̀dà irinṣẹ́, bí a ti ń béèrè àtẹ̀jáde ìwé. Java 18, tí ó jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2022, ni ó wà lórí ti àkọ́kọ́. Java 17, ti ọdún 2021, ni ó wà lórí èkejì, pẹ̀lú Windows. Láti ẹ̀dà 18 ni Java ti ń ka ìwé ní ìlànà UTF-8 bí a kò bá sọ nǹkan mìíràn fún un. Àwọn ẹ̀dà ìṣáájú ń tẹ̀ lé ìlànà tí wọ́n bá bá lórí ẹ̀rọ. Lórí Windows tiwa, windows-1252 ni, tí ó ka báìtì kọ̀ọ̀kan sí lẹ́tà kan. Báìtì ni ẹyọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń pa lẹ́tà mọ́. Ní UTF-8, báìtì mẹ́ta ni ó di ‘ọ’: E1, BB, 8D. Kò sí lẹ́tà fún 8D nínú windows-1252. Ìdí nìyẹn tí javac fi pariwo.

Ohun tí ó bà mí lẹ́rù ni ti ‘ẹ’. Báìtì mẹ́ta ni òun náà, E1, BA, B9, ṣùgbọ́n windows-1252 ní àmì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Javac kò sọ ohunkóhun. Ó kàn sọ ‘ẹ’ di ‘áº¹’. Bí ó bá jẹ́ pé kìkì ọ̀rọ̀ bí ‘ẹsẹ̀’ ni a kọ ni, iṣẹ́ ì bá parí láìsí àròyé, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ì bá sì ti bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ìyàtọ̀ ẹ̀dà a máa fi ara hàn kedere nígbà mìíràn. Bí a bá gbé ohun tí ẹ̀dà 18 túmọ̀ lọ fún ẹ̀dà 17, yóò sọ pé nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 62, àti pé 61 ni òun mọ̀ mọ. Èyí kò lè pẹ́ yanjú. Ṣùgbọ́n kí ẹ bi java àti javac léèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí ẹ̀dà méjì lè gbé inú ẹ̀rọ kan. Kí ẹ sì ka àròyé àkọ́kọ́, nítorí òun ni ó sábà máa ń bí àwọn tó kù.

A kọ nọ́ńbà ẹ̀dà àti orúkọ UTF-8 sínú fáìlì tí ó ń darí iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn náà ni a pa gbogbo ohun tí a ti túmọ̀ tẹ́lẹ̀ rẹ́, tí a sì tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ‘áº¹’ tí ó ti wọlé kò ní padà di ‘ẹ’ fúnra rẹ̀.