Ìsọ̀ Wo Ni Ká Ti Wá Òrí?

Bí o bá dúró níwájú ìsọ̀ aláta ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, nǹkan mẹ́rin ni ojú rẹ máa kọ́kọ́ bà: tòmátì, tàtàṣé, ata rodo àti àlùbọ́sà. Onímọ̀ ewéko á sọ pé àlùbọ́sà ò bá àwọn mẹ́ta tó kù tan, pé tòmátì àti ata jẹ́ èso, àlùbọ́sà kì í ṣe èso rárá. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n aláta ò to ọjà rẹ̀ ní ìlànà ẹbí ewéko. Ohun tó máa jọ wọnú ẹ̀rọ ìlọta, tó máa jọ bọ́ sínú ìkòkò ọbẹ̀ kan náà, ló kó jọ. Ẹni tó bá fẹ́ se ọbẹ̀ kò ní máa wá ìsọ̀ mẹ́rin kiri.

Ní 1893, ọ̀rọ̀ yìí gan-an dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà. Òfin owó ibodè tí wọ́n ṣe ní 1883 ní kí wọ́n gba ìdá 10 nínú 100 lórí ewébẹ̀ tó bá ti òkè òkun wọlé, ṣùgbọ́n kò gba kọ́bọ̀ lórí èso tútù. Ìdílé Nix, tó ń kó tòmátì wọ New York, pe Edward Hedden, ọ̀gá àwọn agbowó ibodè ibẹ̀, lẹ́jọ́ pé èso ni tòmátì, kó dá owó àwọn padà. Àwọn adájọ́ gbà pé lójú onímọ̀ ewéko, èso ni lóòótọ́. Síbẹ̀, Hedden ni wọ́n dá láre, torí pé ẹran àti ẹja ni àwọn èèyàn ń jẹ tòmátì mọ́. Wọn kì í fi í ṣe ìpanu lẹ́yìn oúnjẹ. Ìdájọ́ aláta ni wọ́n dá.

Ẹnikẹ́ni tó bá ṣí ìsọ̀ lórí ayélujára lónìí, ìbáà jẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá bíi Jumia àti Konga tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2012, ìbáà jẹ́ ìyá tó ń pàtẹ àdìrẹ lórí WhatsApp láti Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ìbéèrè àwọn adájọ́ yẹn ló wà níwájú rẹ̀. Kí ni kí n pe ọjà yìí? Kí ni kí n tò ó tì? Kò sí alájàpá kan nítòsí tí oníbàárà lè bi pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, apá ibo ni wọ́n ti ń ta epo?" Bí kò bá tètè rí ohun tó ń wá, ó di ìsọ̀ ẹlòmíràn.

Ohun kan wà tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu: ọjà tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lójú fóònù lè má tò bẹ́ẹ̀ rárá níbi tó wà gan-an. Nínú àwọn ilé ìkẹ́rù ńlá Amazon, ìwé lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, kí ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn. Ibi tí àyè bá ti ṣí sílẹ̀ lórí pẹpẹ ni òṣìṣẹ́ ń ki ẹrù sí. Á fi ẹ̀rọ ka àmì ara pẹpẹ, á ka ti ara ẹrù, kọ̀ǹpútà á sì so méjèèjì pọ̀. Ìsọ̀rí ò sí lára ẹrù. Inú àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà ló wà: nọ́ńbà ọjà kan, lẹ́yìn náà orúkọ gbogbo ìsọ̀ tí a bá fẹ́ kó ti máa yọjú.

Ibẹ̀ ni ọjà ayélujára ti yàtọ̀ sí Bódìjà. Kóńgò ẹ̀wà kan ò lè wà ní ìsọ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n lórí ayélujára, gèlè kan ṣoṣo lè dúró ní ìsọ̀ aṣọ obìnrin, kó dúró ní ìsọ̀ ohun èlò ìgbéyàwó, kó tún dúró ní ìsọ̀ aṣọ òkè. Ó pẹ́ kí àwọn tó ń kọ́ ìkànnì tó mọ bí wọ́n ṣe lè lo àǹfààní ńlá yìí.

Igi ni wọ́n kọ́kọ́ gbìn. Ní 1994, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Yunifásítì Stanford, Jerry Yang àti David Filo, bẹ̀rẹ̀ sí í kó àdírẹ́sì àwọn ìkànnì jọ sábẹ́ ẹ̀ka àti ọmọ ẹ̀ka. Ohun tó di Yahoo nìyẹn. Wọ́n gba èèyàn síṣẹ́ láti máa yẹ ìkànnì wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fi í sí ẹ̀ka tó yẹ ẹ́. Nígbà tí ìkànnì wá ń ya wọlé bí eṣú, apá wọn ò ká a mọ́, ẹ̀rọ àwárí bíi Google sì gba iṣẹ́ náà. Ìparí 2014 ni Yahoo ti àkójọ náà pa.

Ìṣòro igi ni pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló dé ìdí ewé kọ̀ọ̀kan. Bí gèlè bá wà lábẹ́ "Ìmúra ìbílẹ̀", tí ìyẹn wà lábẹ́ "Obìnrin", tí "Obìnrin" náà wà lábẹ́ "Aṣọ", ẹni tó jẹ́ pé ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀ ti ṣìnà láti ìdí igi.

Ẹni tó rí ojútùú ìṣòro yìí kò fojú kan kọ̀ǹpútà nígbà tó rí i. S. R. Ranganathan ni, olùkọ́ ìṣirò ní Madras, ní Íńdíà, tí yunifásítì ìlú náà fi ṣe alábòójútó ilé ìkàwé rẹ̀ ní 1924, tí wọ́n sì rán lọ sí London kó lọ kọ́ṣẹ́ náà. Ìlànà Melvil Dewey, tó jáde ní 1876, ni ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ń tẹ̀ lé. Lójú Ranganathan, àpótí tí wọ́n ti kàn sílẹ̀ kí ìwé tó dé ni ìlànà náà. Ó wọ ilé ìtajà Selfridges lọ́jọ́ kan, ó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣàfihàn Meccano, ohun ìṣeré ọmọdé tó jẹ́ irin pẹlẹbẹ olójú ihò pẹ̀lú ìdè rẹ̀. Irin kan náà ni wọ́n fi ń to ọkọ̀. Wọ́n á tú u, wọ́n á fi to afárá. Ó ronú pé ìwé náà lè rí bẹ́ẹ̀: má kan àpótí dè é, tú u sí àwọn ẹ̀yà rẹ̀, kí o máa fi ẹ̀yà wọ̀nyẹn to ohun tó bá yẹ. Ní 1933, ó tẹ ìlànà tirẹ̀ jáde, Colon Classification. Ó ní ká béèrè ohun márùn-ún nípa ìwé: kí ni ohun tó dá lé gan-an, kí ni wọ́n fi ṣe é, kí ni wọ́n ń ṣe sí i, níbo, àti nígbà wo.

Inú mi máa ń dùn sí ìtàn yìí gan-an. Ilé ìtajà ló ta onílé ìkàwé lólobó, ọgbọ́n náà sì padà dé ilé ìtajà ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún lẹ́yìn náà. Bí o bá ń ra bàtà lórí fóònù, tí o rí "Ìwọ̀n", "Àwọ̀", "Iye owó" àti "Ohun tí wọ́n fi ṣe é" lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, iṣẹ́ Ranganathan nìyẹn. Asẹ́ ni èmi ń pè é, torí bí a ṣe ń sẹ́ ògì ló rí. O da gbogbo bàtà sí i, o fi "dúdú" sẹ́ ẹ, o fi "42" sẹ́ ẹ, o fi "awọ" sẹ́ ẹ. Ohun tó bá jò kọjá ni tìrẹ, èèrí á kù lókè. Kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ẹni tó ń ṣọ́ owó ná á kọ́kọ́ fi iye owó sẹ́ ẹ, ẹni tó fẹ́ kí bàtà òun bá aṣọ ẹbí mu á bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀ka díẹ̀ tó sọ ohun tí ọjà jẹ́ ti tó. Kí asẹ́ ṣe ìyókù. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń ṣe òdìkejì: wọ́n á ṣí ẹ̀ka fún "Bàtà dúdú", wọ́n á ṣí òmíràn fún "Bàtà pupa", títí ẹ̀ka á fi pọ̀ ju bàtà lọ.

Kò sì sí bí asẹ́ ṣe lè dára tó, kò wúlò bí orúkọ ara rẹ̀ kì í bá ṣe orúkọ tí oníbàárà ń pe nǹkan. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú máa ń kọ orúkọ ọjà sórí páálí kékeré, ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí tirẹ̀. Wọ́n á kó o fún oníbàárà pé kó to àwọn tó jọra sójú kan, kó sì fún òkìtì kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Wọ́n á dákẹ́, wọ́n á máa wò ó. Wọ́n á tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn, títí wọ́n á fi rí ibi tí òkìtì wọn ti bára mu. Ohun tí ọlọ́jà fi sí ẹ̀ka kan torí pé ọ̀dọ̀ ẹnì kan ló ti ń rà á, oníbàárà lè tú u sí mẹ́ta.

Ṣé àpótí àwárí ò tó ni? Ẹ jẹ́ ká fi Yorùbá dán an wò. Ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ tá a bá ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. Tẹ "oko": ṣé ọkọ́ tí a fi ń ro ilẹ̀ ni, àbí ọkọ̀ tí a ń wọ̀, àbí ọ̀kọ̀ ọdẹ? Ẹ̀rọ ò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá ti wà lábẹ́ "Irinṣẹ́ àgbẹ̀", ọ̀rọ̀ ti yanjú. Ẹni tó bá sì ń wá ohun tí kò mọ orúkọ rẹ̀ kò ní nǹkan kan láti tẹ̀.

Ìsọ̀rí kan wà tí mo kórìíra: "Àwọn mìíràn". Nínú ìlànà Dewey, 200 dé 299 ni ti ẹ̀sìn. Bíbélì àti ẹ̀sìn Kristẹni gba 220 dé 289, wọ́n wá rọ́ gbogbo ẹ̀sìn tó kù láyé sí 290 dé 299: Ìsìláàmù ní 297, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Áfíríkà ní 299. Kò sí ẹni tó la ẹnu sọ pé Ifá ò tó nǹkan; àyè tí wọ́n yà fún un ló sọ bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni gàrí, èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí ṣe máa ń bọ́ sábẹ́ "oúnjẹ àgbáyé" lórí ìkànnì ilé ìtajà òyìnbó, bí ẹni pé inú ayé kọ́ ni ìyókù oúnjẹ wọn ti wá. Ọmọ Yorùbá tó dàgbà sí London mọ ibi tó máa yà sí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ mọ́ín-mọ́ín nílé wọn tó sì fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ kò mọ̀.

Ìsọ̀rí lè sọ ọjà nù pátápátá. Lákòókò Àjíǹde ọdún 2009, àwọn òǹkọ̀wé ṣàkíyèsí pé nọ́ńbà tó ń fi ipò ìwé wọn hàn lórí Amazon ti pòórá, wọn ò sì yọjú mọ́ nínú àwọn àwárí kan. Ìwé nípa ayé àwọn tó ń fẹ́ akọ sí akọ àti abo sí abo ló pọ̀ nínú àwọn tí aráyé tètè rí, ariwo sì ta pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Amazon fèsì pé àṣìṣe àkọsílẹ̀ ni, pé ìwé 57,310 ló kàn. Ìwé wọ̀nyẹn ò kúrò lórí pẹpẹ. Ìsọ̀ tí wọ́n ti ń yọjú nìkan ló yí padà.

Mo wá òrí lórí ìkànnì kan láìpẹ́ yìí. Abẹ́ ìpara irun nìkan ni mo ti rí i. Òrí tí wọ́n fi pa wá lára nígbà tí a wà ní ìkókó, tí àgbà fi ń ra orúnkún, tí wọ́n fi ń se oúnjẹ ní ìhà àríwá Benin, tí àwọn onísìn òrìṣà ní Brazil ṣì ń pè ní "ori" títí dòní! Ẹni tó ń tà á lè fi ọjà kan náà sí ìtọ́jú awọ ara, ìtọ́jú irun, ọmọ tuntun àti ohun èlò ẹ̀sìn, kó sì fi asẹ́ sí ìwọ̀n àti bóyá wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́ tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Abẹ́ oúnjẹ ló ti gba ìṣọ́ra, torí pé ní Nàìjíríà, NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, kì í forúkọ ìpara àti oúnjẹ sílẹ̀ lọ́nà kan náà. Ohun tí wọ́n dì fún ara kò gbọ́dọ̀ dé ìsọ̀ oúnjẹ.

Obìnrin kan tí mo mọ̀ ní Òkè Ògùn ń tà á lórí WhatsApp. "Àwọn mìíràn" ló fi í sí tẹ́lẹ̀, ó tò ó ti fìlà àti agbọ̀n. Ó ti yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ báyìí. Ó kọ ọ́ ní "òrí", ó kọ ọ́ ní "ori", ó kọ orúkọ tí òyìnbó ń pè é, ó sì fi í sí abẹ́ "Ìyá ìkókó". Àwọn abiyamọ ló ń pe obìnrin náà jù.