Mọ Ibi Tí Ọkọ̀ Rẹ Ti Ń Jò

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí, ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kì í fẹ́ sọ nípa ara rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ àléébù wa ni, ibi tí olúkúlùkù wa kù sí.

Ní etí ọ̀sà wa, láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, kò sí apẹja tí kò mọ̀ pé ọkọ̀ a máa jò. Èyí tí ó bá ń jiyàn pé tòun kò jò, kò ní mú igbá ìgbọ́nmi dání. Bí omi bá kún ọkọ̀ láàrin ọ̀sà, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ó mọ ibi tí tirẹ̀ ti ń jò, a di ihò tí ó ṣeé dí. Èyí tí kò bá ṣeé dí, a máa gbọ́n omi rẹ̀ dànù bí ó ti ń wa ọkọ̀ lọ. Ọkọ̀ àwọn méjèèjì ni ó ń jò, ṣùgbọ́n ẹnì kan ni yóò gúnlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi tí kì í lè da ohun tí mo bá kọ sójú pátákó kọ kí ó má ṣì í. Mo ní ọ̀lẹ ni, mo sì nà án, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Lọ́jọ́ kan mo rí i pé ìwé ẹni tí ó jókòó tì í ni ó ń wò kọ. Mo ní kí ó ka ojú pátákó fún mi láti ìjókòó rẹ̀. Ó bú sẹ́kún. Ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà, ó sì ti ń pa á mọ́ láti ọdún méjì, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà máa pè é ní afọ́jú. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Lọ́jọ́ náà ni mo gbé ìjókòó rẹ̀ wá síwájú. Nígbà tí ó yá, bàbá rẹ̀ ra awò ojú fún un. Ṣùgbọ́n ojú ti èmi náà. Àléébù tirẹ̀ ni ojú, tèmi ni ìbínú tí kì í dúró béèrè ọ̀rọ̀. Bí ó bá ṣe pé ẹnì kan tọ́ sí pàṣán nínú àwa méjèèjì, kì í ṣe òun. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú kíláàsì, kò sì rọrùn fún mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ti pàṣán mọ́ inú àpótí, tí mo sì ń fún olórí kíláàsì ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Kí ó tó lọ mú un wá, inú mi a ti rọ̀.

Ẹ ó rí i pé oríṣi méjì ni àléébù. Ọ̀kan kò ṣeé yí padà: ojú tí kò ríran dáadáa, ara tí kò ga, ohùn tí kò dùn lórin. Èkejì ṣeé tún ṣe: ìbínú, ìmẹ́lẹ́, irọ́. Gbígbà pé a ní èkejì kì í ṣe àyè láti máa wí pé, “Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn.” Ẹni tí ó mọ ihò tí kò dí i, òun àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò jọ rì ni.

Ẹ wo Ọba Kòsọ́kọ́ ti Èkó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò lórí ìtẹ́, ó sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ní 1853 ó kógun padà bá Èkó, kò rí i gbà. Ìbọn rẹ̀ kò tó tiwọn. Ó lè máa jagun títí àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò fi tán. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, ó bá Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́ pé òun kò ní gbógun ti Èkó mọ́; àwọn náà sì gbà pé tirẹ̀ ni èbúté Palma àti Lẹ́kkí. Òwò rọ́pò ogun. Ní 1862 ó padà sí Èkó ní àlàáfíà, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní 1872. Èmi kò sọ pé gbogbo ìwà rẹ̀ ni ó dára, nítorí òwò ẹrú wà lọ́rùn rẹ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé nígbà tí ó mọ ibi tí agbára òun mọ, ó rí ibòmíràn fi ẹsẹ̀ tẹ̀.

Nítorí náà, ìwọ ọmọ tí ìṣirò kò yé, na ọwọ́ sókè kí o sọ fún olùkọ́ rẹ. Ọmọ tó bá ṣípá là ń gbé. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi àléébù ọmọ yín ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àlejò, nítorí ibẹ̀ ni ọmọ ti ń kọ́ bí a ṣe ń pa nǹkan mọ́. Kí àwa àgbà náà sì máa sọ tiwa jáde kí àwọn ọmọ gbọ́.

Lálẹ́ òní, kí olúkúlùkù wo inú ọkọ̀ rẹ̀. Ibi tí ó bá ti rí omi, kí ó mú igbá. Ó dàárọ̀ o.