Àwọ̀ Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Nínú Eré Ìje Orí Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ wa, ọ̀pọ̀ yín ni ó ti rí ọmọ tí ó jókòó ti eré ìje ọkọ̀ lórí kọ̀ǹpútà nígbà ìsinmi, tí kò tíì sáré rárá, tí ó sì ti lo àkókò gígùn lórí àwọ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀ nìkan. A fẹ́ ṣàlàyé ohun tí ó ń ṣe níbẹ̀, nítorí pé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí ó bá wá a.

Táyà ni rọ́bà dúdú tí ó ń tẹ ilẹ̀. Ríìmù ni irin tí táyà yí ká. Ríìmù ni ọmọ ń kùn.

Láyé àtijọ́, àwọ̀ mẹ́ta ni Yorùbá fi ṣe ìpìlẹ̀: funfun, pupa àti dúdú. Èyí tí ó kù, nǹkan mìíràn ni a fi ń júwe rẹ̀, bí àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ eérú. Kọ̀ǹpútà náà ní mẹ́ta tirẹ̀: ìmọ́lẹ̀ pupa, ti àwọ̀ ewé, àti ti àwọ̀ aró tí à ń pè ní búlúù. Òǹkà ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti 0, ó parí sí 255. Ìpele 256 ni. Bí a bá ṣírò 256 × 256 × 256, àwọ̀ 16,777,216 ni a ó rí.

Iṣẹ́ yìí yàtọ̀ sí ti aláró. Bí aláró bá ti ń ri aṣọ bọ aró léraléra, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ ń dúdú sí i. Ìmọ́lẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a ti ń fi kún un ni ó ń mọ́ sí i. 0, 0, 0 ni dúdú. 255, 255, 255 ni funfun. Pupa àti àwọ̀ ewé tí ó kún, láìsí búlúù, yóò di àwọ̀ ìyeyè: 255, 255, 0. Ẹ rántí ọsàn Fìdítì. Nígbà tí kò tíì pọ́n, 0, 128, 0 lè dúró fún àwọ̀ rẹ̀. Kí ó tó pọ́n lójú kọ̀ǹpútà, pupa ni a ó bù kún un jù lọ: 255, 165, 0.

Àwọn eré kan ń gba òǹkà. Àwọn mìíràn a gbé ìlà tí à ń fà kalẹ̀. Nínú Assetto Corsa, tí ilé-iṣẹ́ Kunos Simulazioni ti Ítálì parí ní 2014, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní fódà tí ó ń jẹ́ skins. Àwòrán tí wọ́n fi bo ọkọ̀ lára ni ó wà níbẹ̀, bí aṣọ tí a fi bo àga. Bí àwòrán ríìmù bá wà nínú rẹ̀, ọmọ lè yí àwọ̀ rẹ̀ padà, kí ó sì tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tí ó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fódà náà, kí iṣẹ́ tí ó bá bàjẹ́ lè ní àtúnṣe.

Àwọ̀ kì í mú ọkọ̀ yára. Àwọn eré kan sì ń ta ohun ọ̀ṣọ́ fún owó gidi. Nítorí náà, kí òbí má ṣe fi nọ́ńbà káàdì bánkì rẹ̀ sínú ẹ̀rọ ọmọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ bi ọmọ yín pé: “Òǹkà wo ni ó bí àwọ̀ yìí, kí ló dé?” Bí ó bá dáhùn, ẹ̀kọ́ ti wọlé. Bí kò bá lè dáhùn, kí ó pa ẹ̀rọ, kí ó mú ìwé ìṣirò rẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà jẹun, wákàtí kan tí ẹ bá yọ̀ǹda fún àwọn àbúrò yín ní kíláàsì yóò sọ eré yìí di iṣẹ́ ọwọ́ fún wọn.