Ìwé Ti Dé, Àga Kò Tíì Dé

Tọkọtaya kan nínú ìjọ yìí ni àwa tí à ń bá yín sọ̀rọ̀. Wọ́n bẹ̀ wá pé kí a kọ ohun tí ojú wa rí nígbà tí ọmọbìnrin wa parí ẹ̀kọ́ ńlá, tí ó sì ń wá iṣẹ́ ìdarí ní ilé ìwòsàn. A kọ́kọ́ kọ̀, nítorí apá kan nínú ọ̀rọ̀ náà kò buyì kún wa. Lẹ́yìn náà a rò ó pé egbò tí a bò mọ́lẹ̀ kì í jinná, bẹ́ẹ̀ ni ẹlòmíràn kò lè ti ibẹ̀ kọ́ bí a ti ń tọ́jú tirẹ̀.

Ọmọ wa kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́ nípa ètò ọrọ̀-ajé ní Abomey-Calavi. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Dakar, sí ilé ẹ̀kọ́ CESAG tí àwọn ìjọba kan ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà dá sílẹ̀ ní 1985. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ni bí a ti ń darí ilé-iṣẹ́, ẹ̀ka kan sì wà níbẹ̀ fún ìdarí ilé ìwòsàn. Ó gba ìwé ẹ̀rí mástà níbẹ̀. Kí ó tó gbà á, a ta kajú ọdún mẹ́ta, a kó owó àjọ, àwọn àbúrò rẹ̀ sì fi bàtà tuntun du ara wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó padà dé, a ṣe Mísà ìdúpẹ́, a sì pa àgbò. Nígbà tí àwọn ènìyàn jẹun tán, bàbá ọmọ dìde, ó ní: “Ẹ bá wa yọ̀, ọ̀gá ilé ìwòsàn ni ẹ ń wò yìí.” Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ilé ìwòsàn kankan tí ó tíì pe ọmọ náà, àní fún ọjọ́ kan péré. Ọ̀rọ̀ tí a fi ẹnu wa sọ lọ́jọ́ náà ni ó padà wá há wa lọ́rùn.

Fún oṣù mẹ́ta, ó kọ lẹ́tà sí gbogbo ilé ìwòsàn tí a mọ orúkọ rẹ̀. Ipò olùdarí ni ó ń bèèrè nínú gbogbo wọn, nítorí ohun tí ó kọ́ nìyẹn, ohun tí àwa náà sì ń retí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ kò dáhùn. Àwọn tí ó dáhùn bi í ní ìbéèrè kan náà: “Ọdún mélòó ni o ti fi ṣe irú iṣẹ́ yìí?” Ìkéde iṣẹ́ kan tí ó mú wálé ń fẹ́ ẹni tí ó ti ṣe é fún ọdún 5. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ní: “Bàbá, Ìyá, ta ni yóò fún mi ní ọdún márùn-ún náà, nígbà tí kò sí ẹni tí ó fẹ́ fún mi ní ọjọ́ kan?” A kò rí èsì fún un.

Ní ìta ilé Ọlọ́run, lẹ́yìn Mísà, àwọn ènìyàn a máa bi wá pé: “Ṣé wọ́n ti pè é?” Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń bèèrè, ṣùgbọ́n ó ń dùn wá bí ẹ̀gún. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Mísà kùtùkùtù kí ó má bàa pàdé ẹnikẹ́ni. Àwa náà sì fi ọ̀rọ̀ kún ìrora rẹ̀. A ń sọ pé ọmọ ẹni báyìí tí kò kàwé tó o ti ń kọ́lé. Ọlọ́run dárí jì wá.

Ní oṣù kẹsàn-án ni ọkùnrin kan wá bá wa. Ó ní òun mọ ẹnì kan tí ó mọ ẹnì kan, àti pé 600,000 fáráńkì yóò ṣí ilẹ̀kùn. Bàbá ọmọ gbà. Ó ti bá ẹni tí yóò ra ilẹ̀ ẹ̀bá ọ̀nà sọ̀rọ̀ kí ó tó sọ fún ọmọ. Nígbà tí ọmọ gbọ́, kò pariwo. Ó kúnlẹ̀, ó ní: “Bàbá, ẹ má bínú. Bí ẹ bá ra àga fún mi, báwo ni n ó ṣe sọ fún ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn pé kí ó má gba owó lọ́wọ́ aláìsàn?” A kò ta ilẹ̀ náà. Ọkùnrin náà kò sì padà wá mọ́.

Ẹni tí Ọlọ́run fi ràn wá lọ́wọ́ ni bàbá àgbà kan nínú ìjọ, tí ó ti jẹ́ olórí àwọn olùtọ́jú aláìsàn kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ó wá sí ilé wa ní ọjọ́ ìsinmi kan, ó sì bi ọmọ pé: “Ọmọ mi, àwọn àga tí o ń wá, ǹjẹ́ o mọ ibi tí wọ́n wà?” Ó wá ṣàlàyé fún wa.

Ó ní ìjọba pín ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ sí agbègbè ìlera 34. Kétu wà pẹ̀lú Pobè àti Adja-Ouèrè nínú ọ̀kan, Ṣábẹ̀ẹ́ wà pẹ̀lú Ouèssè nínú òmíràn. Nísàlẹ̀ ni àwọn ilé ìtọ́jú kéékèèké wà. Ohun tí ó bá ju agbára wọn lọ, wọ́n a rán an sí ilé ìwòsàn agbègbè, lẹ́yìn náà sí ilé ìwòsàn ẹkùn, irú èyí tí ó wà ní Àjàṣẹ́, títí dé ilé ìwòsàn ńlá ti Kútọnu. Ó ní dókítà ni wọ́n sábà ń fi ṣe olórí agbègbè. Ẹni tí kì í ṣe dókítà, tí ó kọ́ ìdarí, ọ̀nà tirẹ̀ ni ètò owó, ètò oògùn, ètò òṣìṣẹ́ àti ti ohun èlò. Ti ìjọba, nípa ìdánwò concours ni. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn àwọn ìjọ ń yan òṣìṣẹ́ tiwọn: irú ti Tanguiéta, tí àwọn Arákùnrin Saint Jean de Dieu ṣí ní 1970, àti ti Afagnan ní Tógò, tí ó wà lọ́wọ́ àwọn Arákùnrin kan náà.

Ó tún ní: “Láti ìpàdé Bamako ní 1987 ni wọ́n ti fi í lélẹ̀ pé owó oògùn tí ilé ìtọ́jú bá tà, kí ó dúró níbẹ̀ láti fi ra òmíràn, kí àwọn ará ìlú sì ní ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó o. Nítorí náà, kò sí ilé ìtọ́jú tí ó kéré jù tí kò ní yàrá oògùn àti àpótí owó. Bí o bá lè tọ́jú méjèèjì kí wọ́n má jò, o ti bẹ̀rẹ̀ ìdarí. Kí wọ́n kọ́kọ́ rí ọwọ́ rẹ níbẹ̀.”

Ojú ọmọ kọrẹ́ lọ́wọ́. Ó ní òun kò lọ sí Dakar láti wá ka hóró oògùn. Bàbá àgbà rẹ́rìn-ín, ó sì sọ ìtàn Kàmílù Mímọ́ fún un. Ní ilẹ̀ Ítálì ni wọ́n bí Kàmílù ní 1550. Ọmọ ogun ni, ó sì fẹ́ràn tẹ́tẹ́. Egbò ẹsẹ̀ ni ó gbé e dé ilé ìwòsàn San Giacomo ní Róòmù, níbi tí wọ́n ti tọ́jú rẹ̀, tí ó sì ń ṣe ìránṣẹ́. Wọ́n lé e jáde nítorí tẹ́tẹ́. Nígbà tí ó yí padà, ó tún padà wá sí ilé kan náà, ó ń tọ́jú aláìsàn, títí wọ́n fi fi í ṣe olórí ètò gbogbo ilé náà. Ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà tí ó dá sílẹ̀ ni ó ní ilé ìwòsàn Zinvié nílẹ̀ wa lónìí. Bàbá àgbà ní: “Nígbà tí ó di olórí, kò sí igun kan nínú ilé náà tí kò mọ̀.”

Ọmọ wa sun ẹkún ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ní òwúrọ̀, ó kọ lẹ́tà tuntun sí ilé ìtọ́jú ìjọ kan, kò bèèrè ipò olùdarí. Wọ́n gbà á fún yàrá oògùn àti àpótí owó. Owó oṣù rẹ̀ kò tó ìdajì ohun tí a ń retí.

Ohun tí ó bá níbẹ̀ yà á lẹ́nu. Oògùn tuntun ni wọ́n ń tò síwájú tí wọ́n ń tà, ti àtijọ́ wà lẹ́yìn tí ọjọ́ wọn ń kọjá. Ó ka gbogbo rẹ̀, ó ṣe ìwé kékeré fún oògùn kọ̀ọ̀kan, ó sì to èyí tí ọjọ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ pé síwájú. Àwọn agbẹ̀bí ń sọ láàárín ara wọn pé: “Kí ni ọmọ ìwé yìí mọ̀?” Ó ní òun yóò bá wọn ṣọ́ òru. Níbẹ̀ ni ó ti rí i pé aláboyún a máa dé lóru, kọ́kọ́rọ́ yàrá oògùn a sì wà nílé ẹni tí ó ti sùn. Ó bá ọ̀gá ilé sọ̀rọ̀, wọ́n gbé àpótí oògùn òru kan kalẹ̀ pẹ̀lú ìwé tirẹ̀. Lóṣooṣù, ó ń ka ìṣirò owó fún ìgbìmọ̀ ní èdè wa, tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá tí kò mọ̀wé lè bèèrè ọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ọdún méjì, ilé ìwòsàn kan ń wá igbákejì alábòójútó. Lẹ́tà tí ó kọ lọ́tẹ̀ yìí yàtọ̀. Ìlà kan péré ni ó fi sọ̀rọ̀ mástà, ó fi ìyókù sọ ohun tí ó bá, ohun tí ó ṣe, àti ohun tí ó yọrí sí. Wọ́n pè é. Wọ́n bi í pé: “Bí owó bá kù díẹ̀, tí oògùn sì ń tán, kí ni wàá kọ́kọ́ ṣe?” Ó ní òun yóò kọ́kọ́ wo èyí tí ènìyàn lè kú bí kò bá sí, kí òun tó wo èyí tí ń mú owó wọlé. Wọ́n gbà á. Kì í ṣe ọ̀gá pátápátá títí di òní. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀, a mọ̀ pé kì í ṣe inú ìwé nìkan ni ó ti rí i.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ohun tí a rí kọ́.

Èkínní, ẹ̀yin ọmọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó parí. Nígbà tí wọ́n bá rán yín lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, ẹ má ṣe kọ ìwé ìparí ẹ̀kọ́ nìkan. Ẹ mọ àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí ẹnì kan lè jẹ́rìí yín lọ́la.

Èkejì, ẹ tò àwọn ìwé yín sílẹ̀. Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ ní ANPE, ó wà ní Bẹ̀nẹ̀, ó wà ní Tógò. Ẹ rántí pé àwọn tí ń gbani síṣẹ́ sábà máa ń fẹ́ casier judiciaire tí kò tíì ju oṣù 3 lọ. Ọ̀pọ̀ ti pàdánù concours nítorí ìwé kan ṣoṣo.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ka iṣẹ́ kékeré sí ẹ̀gàn, ṣùgbọ́n ẹ má sì sùn sínú rẹ̀. Ẹ máa kọ ohun tí ẹ ṣe sílẹ̀ lóṣooṣù.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ wa, tiwa ni èyí: ẹ má fi ẹnu yín gbé ọmọ gun àga tí kò tíì sí. Ẹ má ra ipò. Bí ọmọ bá ń dúró, ẹ jẹ́ kí ilé jẹ́ ibi tí yóò ti sinmi, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń ka oṣù fún un. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá sì pàdé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn Mísà, ẹ má bi í pé ṣé wọ́n ti pè é. Ẹ bi í pé ibo ni ó ti kọ̀wé sí, kí ẹ sì rò ó bóyá ẹ mọ ẹnì kan níbẹ̀ tí ó lè gba ọmọ náà lálejò, kí ó wá wo iṣẹ́. Ìyẹn ni bàbá àgbà ṣe fún wa, kò sì ná an ju ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan lọ.

Kí Olúwa ṣí ọ̀nà fún gbogbo ọmọ wa. Àmín.